Kòkòrò Tó Gùn Bí Okùn

Ní sáà kejì, olùkọ́ Báọ́lọ́jì wa ya àwòrán kan sójú pátákó tí kò kúrò lọ́kàn mi. E. coli ni, bakitéríà tí Theodor Escherich, dókítà ọmọ Jámánì, ṣàlàyé ní 1885. Ó kúrú bí ọ̀pá ìṣáná. Bí oúnjẹ bá pọ̀, tí ooru sì bá a lára mu, ó lè pín sí méjì láàárín 20 ìṣẹ́jú. Ṣùgbọ́n èyí tí olùkọ́ yà gùn gbọọrọ bí okùn, kò pín rárá.

DNA rẹ̀ ló bàjẹ́. Inú DNA ni àkọsílẹ̀ gbogbo iṣẹ́ kòkòrò náà wà. Bí ó bá pín in nígbà tó ti já, àwọn ọmọ lè kú. Nítorí náà, bí RecA bá ti fura pé DNA já, yóò mú kí LexA, tó ń dí àwọn jíìnì kan lẹ́nu, yẹ̀ kúrò. SulA á wá jáde, á sì dá FtsZ lọ́wọ́ kọ́. FtsZ yìí ló máa ń so bí òrùka sí àárín kòkòrò kó tó já sí méjì. Kò sí òrùka, kò sí pípín, àmọ́ ara ń gùn sí i. Miroslav Radman pe ètò yìí ní SOS, bí ìpè ọkọ̀ ojú omi tó ń rì. (Kò sí ẹni tó ń wá gbà á là o, òun fúnra rẹ̀ ni.)

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá ní Mushin. Ciprofloxacin, tí àwọn kẹ́místì ń tà bí bisikíìtì, ló ń mú kí DNA bakitéríà já. Ìyá mi, tí wọ́n ń ta ata lọ́jà Ojúwòyè, rà á nígbà tí ìgbẹ́ gbuuru mú wọn. Ẹni tó tà á kò béèrè àyẹ̀wò kankan. Lọ́jọ́ kejì ara yá, wọ́n bá kó ìyókù sínú agolo mílíìkì.

“Màmá, àwọn kan lè má tíì kú,” ni mo wí. “Wọ́n kàn dúró tún ara wọn ṣe ni. Bí oògùn bá tán lára yín, wọ́n á tún máa pín.” Mo ní àtúnṣe ìkánjú yẹn máa ń ní àṣìṣe, àti pé àṣìṣe kan lè sọ kòkòrò di èyí tí oògùn ò ràn mọ́.

“Ṣé ìwọ ti rí wọn rí?”

N kò rí wọn rí. Maikirosíkóòpù kan ṣoṣo ló wà níléèwé wa, jígí rẹ̀ sì ti fọ́.

Mo ní kí wọ́n lọ sí LUTH ní Ìdí-Àràbà, kí dókítà yẹ̀ wọ́n wò, kó sì sọ iye ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n lò ó. Wọ́n ní ta ni yóò dúró ti ọjà? Mo ní èmi. Wọ́n wò mí títí.

Ìsinmi ti dé nígbà náà. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé mo jókòó ti agbọ̀n tàtàṣé, Màmá sì wọ kẹ̀kẹ́ Màrúwá lọ sí Ìdí-Àràbà, agolo mílíìkì náà nínú báàgì wọn.