Kò Tilẹ̀ Ná An

Páálí kékeré kan ni mi ò tíì lè gbé kúrò lọ́kàn láti oṣù kẹfà. Kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri gbọ̀ngàn ìjọ kan ní Peckham, lábẹ́ aṣọ funfun kan tí wọ́n fi ìṣó méjì so rọ̀. Ìlà mẹ́rin ló wà lára rẹ̀. Èkíní ni orúkọ obìnrin tó ṣe aṣọ náà, orúkọ kan ṣoṣo, láìsí ti bàbá. Èkejì ni Afgánístánì. Ẹ̀kẹta ni ọdún tó dé ìlú Ọba. Ẹ̀kẹrin sọ pé aṣọ náà kì í ṣe títà.

Àfihàn iṣẹ́ ọnà Ọ̀sẹ̀ Ogúnléndé ni. Láti ọdún 1998 ni wọ́n ti ń ṣe ọ̀sẹ̀ yìí ní Bìrìtéènì, ní àyíká ogúnjọ́ oṣù kẹfà tí gbogbo ayé yà sọ́tọ̀ fún àwọn tí ogun tàbí ìnilára lé kúrò nílé. Àwọn ilé ńláńlá máa ń ṣe tiwọn, ṣùgbọ́n ti àdúgbò ni mo fẹ́ràn: àga oníke, tíì inú ife páálí, sàmúsà gbígbóná tí ìyá kan láti Sòmálíà dín wá láti ilé, àwọn ọmọdé tó ń gba abẹ́ tábìlì sáré kọjá. Obìnrin ni gbogbo ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ wà lára ògiri. Apẹ̀rẹ̀ wà níbẹ̀, àwòrán ọlọ́dà wà níbẹ̀, fọ́tò wà níbẹ̀. Àbúrò kan tó wà lára àwọn tó ṣètò rẹ̀ ló pè mí, mo sì lọ bí ẹni ń lọ kí ará ilé.

Aṣọ funfun yẹn ló dá mi dúró. Béèyàn bá wò ó láti òkèèrè, aṣọ lásán ni. Ìgbà tí mo sún mọ́ ọn ni mo rí i pé òwú ṣẹ́dà funfun ló fi kọ ọnà sí gbogbo ara rẹ̀, funfun lórí funfun: ìràwọ̀ wẹ́wẹ́, onígun mẹ́rin tó wọnú ara wọn, òdòdó tó gún régé bí ohun tí wọ́n fi rúlà fà. Khamak ni wọ́n ń pe irú iṣẹ́ abẹ́rẹ́ yìí, Kandahar sì ni orírun rẹ̀. Àwọn obìnrin ibẹ̀ a máa ka fọ́nrán òwú aṣọ lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó ti abẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́. Ìborùn ọkùnrin ni wọ́n ń ṣe é sí, àti àyà ẹ̀wù. Inú ìwé ni mo ti mọ èyí tẹ́lẹ̀. Kò sí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀ lára páálí.

Ohun tó kọ́kọ́ bí mi nínú nìyẹn. Páálí náà mọ ibi tí obìnrin yìí ti wá, ó mọ ọdún tó dé, kò mọ orúkọ ohun tó ṣe. Mo yí gbọ̀ngàn ká, bákan náà ni gbogbo wọn. Mo wá dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo ń wo àwọn tó ń wòran. Èèyàn á dé iwájú aṣọ, á tẹ̀ síwájú, á ka páálí, á mi orí, á káàánú, á kọjá. Ojú wọn kì í pẹ́ lára aṣọ. Páálí ni wọ́n wá wò.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń tú ọ̀rọ̀ ogúnléndé palẹ̀ lẹ́nu ara mi, nínú bọ́ọ̀sì, nídìí abọ́ tí mò ń fọ̀. Ogun lé e, ó dé. Àwọn tó ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ yìí kò fi eré sísá parí rẹ̀, dídé ni wọ́n fi parí rẹ̀. Ẹni tó bá sì ti dé, omi la kọ́kọ́ ń fún un, a ó fi ibi tó máa sùn hàn án, tó bá di ọjọ́ kẹta, a ó bi í pé iṣẹ́ wo ló mọ̀ ọ́n ṣe.

Ibi tí mo ti ń ro èyí ni ìyá ìyá mi ti já wọ inú ọ̀rọ̀.

Ìsọ̀ àdìrẹ ni Ìyá àgbà ní ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta. Nígbà tí mo gbọ́njú, ọwọ́ wọn ti ń gbọ̀n, wọn kì í fi ìyẹ́ adìyẹ ya ẹ̀kọ sára aṣọ fúnra wọn mọ́, àmọ́ aró ti wọnú èékánná wọn dé ibi tí ọṣẹ ò lè tó. Bí a bá gba ìsinmi, ọ̀dọ̀ wọn ni mo máa ń wà. Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan dé láti Èkó, ó wọ léèsì olówó ńlá, ó gbé kámẹ́rà kọ́ ọrùn. Ó mú àdìrẹ kan tí ọnà rẹ̀ ń jẹ́ Ìbàdàn dùn nílẹ̀, ó tú u, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yìn ín. Ó ní ọwọ́ wo ló lè ṣe irú èyí. Ó ní ọwọ́ àwọn àgbà kò ní parun. Ó wá jókòó, ó bi Ìyá àgbà léèrè ìtàn ayé wọn, Ìyá àgbà sì sọ bí ọkọ wọn ṣe kú ní kékeré, tó jẹ́ pé inú ìkòkò aró ni owó iléèwé ọmọ márùn-ún ti jáde. Obìnrin náà sunkún. Ó nu ojú, ó ya fọ́tò, ó dì mọ́ Ìyá àgbà, ó lọ.

Ìyá àgbà mú aṣọ náà, wọ́n ká a sí méjì, wọ́n ká a sí mẹ́rin, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

"Kò tilẹ̀ ná an."

Mo ní, "Ìyá àgbà, ó yìn ín gan-an o."

"Mo gbọ́. Kò ná an."

Mo rò nígbà yẹn pé owó ló ń dùn wọ́n. Ó pẹ́ kí n tó mọ ohun tí wọ́n rí. Ẹni tó bá máa ná àdìrẹ, dandan ni kó wò ó. Á yí ẹ̀yìn rẹ̀ síta, á gbé e sójú oòrùn, á wá ibi tí ẹ̀kọ ti sán tí aró sì jò gba ibẹ̀. Á ní, "Ìyá, òpó Màpó yìí ò dúró dáadáa." Ẹni tó ń tà á náà á sì dá a lóhùn: á sọ iye ìgbà tí aṣọ rì sínú aró, á fi ibi tí ọwọ́ ti tẹ́ẹ́rẹ́ jù hàn án, á bi í bóyá ó ti rí irú rẹ̀ rí nísọ̀ kejì. Wọ́n lè lo wákàtí kan lórí ọ̀pá márùn-ún. Lójú tèmi, kò sí lámèyítọ́ tó ju oníbàárà tó mọ ọjà ná lọ. Obìnrin tó wá láti Èkó bá Ìyá àgbà sọ̀rọ̀ nípa ayé Ìyá àgbà. Kò bá wọn sọ gbólóhùn kan nípa aṣọ.

Ìlú tí èyí ti ṣẹlẹ̀, ìlú ogúnléndé ni. Ọdún 1830 ni àwọn Ẹ̀gbá tí ogun ti tú ilé wọn ká tẹ̀lé olórí wọn Ṣódẹkẹ́ dé abẹ́ àpáta Olúmọ. Ìbàdàn tí àdìrẹ yẹn ń kì, ibùdó ogun ló fi bẹ̀rẹ̀. Gbọ̀ngàn Màpó tí òpó rẹ̀ wà lára aṣọ, ọdún 1929 ni wọ́n ṣí i. Kò sí aláró kankan n'Ítòkú tó kọ ọ́ sára ọjà rẹ̀ pé ogun lé ìyá ńlá òun. Mo ti ń fi èyí múra ẹjọ́ sílẹ̀ de àwọn olùṣètò, títí mo fi rántí ohun kan tó dá mi lẹ́kun. Àdìrẹ àwọn ìyá wa wà nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé káàkiri Yúróòpù. Páálí tiwọn mọ orúkọ ọnà dáadáa. Orúkọ obìnrin tó ṣe é ni kì í sí níbẹ̀, àwa náà tí a tà á kò sì kọ ọ́ sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Kí wá ni mò ń jà fún? Orúkọ aṣọ yè, orúkọ ẹni tó ṣe é parun, síbẹ̀ mi ò lè pe àwọn obìnrin Ìtòkú ní ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ bíi ti ẹni tó wà ní Peckham. Wọ́n gba owó wọn. Wọ́n fi kọ́lé, wọ́n fi tọ́mọ. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ìlà kẹrin páálí Peckham, pé aṣọ kì í ṣe títà, ló ń jẹ mí lọ́kàn látìbẹ̀rẹ̀.

Àwọn obìnrin Hmong ni mo rò lẹ́yìn náà. Nígbà tí ogun Laos parí ní 1975 tí wọ́n sọdá odò Mekong sí Táílàńdì, inú àgọ́ bíi Ban Vinai ni wọ́n ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe máa sọ paj ntaub, iṣẹ́ abẹ́rẹ́ wọn, di ọjà. Ẹ̀wù ara wọn àti ti ọmọ ni wọ́n ń ṣe ọnà yẹn sí tẹ́lẹ̀. Nínú àgọ́ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi abẹ́rẹ́ ya ìtàn: ọkọ̀ òfurufú, ìbọn, àwọn ènìyàn tó ń wẹ odò kọjá. Wọ́n tà á fún àwọn òṣìṣẹ́ aláàánú, wọ́n fi ránṣẹ́ sí ẹbí ní Amẹ́ríkà láti bá wọn tà. Àwọn oníbàárà ní àwọ̀ rẹ̀ ti tàn jù fún pálọ̀ wọn, àwọn obìnrin náà sì yí àwọ̀ padà. Àwọn kan ń bínú sí èyí, wọ́n ní ọjà ti ba àṣà jẹ́. Èmi rí obìnrin tó wà nínú àgọ́, tí kò ní ilẹ̀, tí kò ní ìwé, tí ẹnìkan ṣì gbọ́dọ̀ bi í pé èló ni.

Mo pe àbúrò mi tó ṣètò àfihàn. Mo sọ̀rọ̀ kíkan. Ó jẹ́ kí n sọ tán.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú," ó ní. "Orúkọ kan ṣoṣo tí ẹ rí yẹn, òun ló ní ká kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn èèyàn rẹ̀ ṣì wà nílé. Ti orúkọ ọnà tí a kò kọ, àwa la jẹ̀bi ìyẹn, a ó tún un ṣe. Àmọ́ ti títà yẹn, ẹjọ́ ìsádi obìnrin náà ṣì wà nílẹ̀. Tí a bá kọ iye owó sára ògiri, tí ẹnìkan san án, kí la máa sọ tí ìjọba bá ní ó ti ń ṣòwò?"

Mo mọ òfin yẹn, mi ò kàn fi ojú ara mi rí i lára ògiri rí. Ẹni tó tọrọ ìsádi ní Bìrìtéènì kò lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣiṣẹ́ gbowó nígbà tó bá ń retí èsì. Bó bá ti retí rẹ̀ fún oṣù 12, tí kì í ṣe òun ló fa ìdádúró, ó lè tọrọ àyè, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ìjọba kọ sílẹ̀ nìkan ni. Kò gbọ́dọ̀ dá òwò tirẹ̀ sílẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024, pọ́n-ùn 49.18 ni ìjọba ń fún ẹni tó ń dáná fúnra rẹ̀ lọ́sẹ̀. Ẹni tó wà ní òtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ti ń fún un lóúnjẹ ń gba pọ́n-ùn 8.86 nígbà náà. Inú irú owó yẹn ni òwú ṣẹ́dà ti jáde.

Iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ni òfin kò dí. Ó lè kọ́ ogún obìnrin ní khamak ní gbọ̀ngàn yẹn láìgba kọ́bọ̀. Ó lè fi aṣọ náà ta ìjọ lọ́rẹ. Ó lè gbé e kọ́ ògiri kí gbogbo wa wá káàánú rẹ̀. Ìlú tó ti wá, bí ìyà ṣe pọ̀ tó níbẹ̀, Rangina Hamidi dá iléeṣẹ́ Kandahar Treasure sílẹ̀ níbẹ̀, àwọn obìnrin jókòó sínú ilé wọn, wọ́n ṣe khamak, wọ́n gba owó iṣẹ́ wọn. Ogun lé e kúrò níbi tí wọ́n ti ń ra iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ó dé ibi tí wọ́n ti ń yìn ín.

Mo padà lọ ní ọjọ́ tó kẹ́yìn. Wọ́n ti ń tú àwọn nǹkan sílẹ̀. Obìnrin náà wà níbẹ̀, ó tó ẹni àádọ́ta ọdún, ó ń wo àwọn tó ń yọ ìṣó kí wọ́n má baà fa aṣọ rẹ̀ ya. Mi ò gbọ́ èdè rẹ̀, Pashto, Gẹ̀ẹ́sì tirẹ̀ kò pọ̀. Mo kí i, mo sọ ọ̀rọ̀ náà, khamak, ó sì yíjú sí mi. Mo bi í pé tó bá jẹ́ ọjà ni, èló ni yóò pè é.

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ronú. Ó ní pọ́n-ùn 400.

Mo ní 150. Ó gba aṣọ lọ́wọ́ ẹni tó mú un, ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ síta, ó fi hàn mí pé ẹ̀yìn mọ́ bí iwájú. Ó na ìka méje: oṣù méje. Mo fi igun kan hàn án níbi tí òwú ti ki díẹ̀. Ó wò ó, ó gbà pé bẹ́ẹ̀ ni, ó nàka sókè sí gílóòbù, ó mi orí: iná ibi tí òun ń gbé kò dára. Mo ní 250. Ó ní rárá. Mo ní 300. Ó sún mọ́ mi, ó fi èékánná ka fọ́nrán òwú inú ìràwọ̀ kan ṣoṣo, lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń kà á sókè ní èdè rẹ̀, mo sì dúró títí ó fi kà á tán. Ó ní 380, òun ò lè gbà kéré sí i.

Mo ní ó ti pọ̀ jù. Ó ká aṣọ náà sí méjì, ó ká a sí mẹ́rin, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ àyà, ó ní kí n padà wá tí mo bá rí owó.