Òkúta Kúkurú Láàárín Oníkẹ̀kẹ́ àti Tírélà

Kẹ̀kẹ́ ni àbúrò ìyàwó mi ọkùnrin ń gùn lọ sí ibi iṣẹ́. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ni mo wí o, kì í ṣe Márúwá. Àlàyé yìí pọn dandan, nítorí pé ní Ìtẹ̀lé wa níbí, bí o bá dárúkọ kẹ̀kẹ́ lásán, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni ọkàn gbogbo ènìyàn yóò lọ. Kẹ̀kẹ́ tí àwọn baba wa gùn lọ sóko, tí ẹlẹ́mu ń so akèrègbè mọ́ lẹ́yìn, tí ọkọ ìyàwó fi ń ṣe fáàrí, ti pàdánù orúkọ rẹ̀ fún àbúrò tó dé lẹ́yìn rẹ̀.

Ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ni ọmọkùnrin yìí ti ń ṣiṣẹ́ ní Ọ̀tà. Ọ̀kadà àti dánfó ló ń wọ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023, jálá epo kan tí kò tó 200 náírà fò sókè ju 480 lọ láàárín ọjọ́ mélòó kan, owó ọkọ̀ sì tẹ̀ lé e. Ó jókòó, ó ṣírò, ó rí i pé ńṣe ni òun ń ṣiṣẹ́ fún àwọn awakọ̀. Ó wá ra kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ kan. Kí aago márùn-ún ìdájí tó lù ni ó ti ń jáde nílé, kí ó lè bá àwọn tó ń wọṣẹ́ ní aago mẹ́fà.

Ní ìdájí ọjọ́ kan, tírélà kan fi ẹ̀gbẹ́ gbá a wọ inú gọ́tà. Bóyá awakọ̀ náà rí i, bóyá kò rí i. Ọkọ̀ náà kò ṣáà dúró. Ọrùn ọwọ́ òsì rẹ̀ dá. Oníbúrẹ́dì tó ń ti ọmọlanke bọ̀ ló fà á jáde.

Láti ìgbà náà ni èmi àti ìyàwó mi kò ti fẹnu kò lórí ọ̀rọ̀ ojú ọ̀nà. Èmi ní ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ gbọ́dọ̀ ní ọ̀nà tirẹ̀ létí títì, kí a sì fi òkúta kọnkéré kúkurú dá a yà sọ́tọ̀ kúrò lára ti ọkọ̀. Òun ní kí n fi àlá sílẹ̀. "Ẹ gbọ́ ná, ọkọ mi," ni ó wí, "títì tí a ní pàápàá, ihò ló pọ̀ níbẹ̀ ju ọ̀dà lọ, ẹ ń bèèrè èyí tí a ó fi sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá ṣe é ni alágbàdo máa gbé ààrò rẹ̀ síbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọmọdékùnrin yìí máa wọ ọkọ̀, a ó máa fi díẹ̀ kún owó rẹ̀."

Mo mọ̀ pé inú ìbẹ̀rù ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti wá, mi ò sì lè bá a jiyàn lórí ti ihò. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ òkúta kì í ṣe àlá. Ẹnikẹ́ni tó bá ti Ṣàngó-Ọ̀tà gba títì Abẹ́òkúta wọ Èkó ti fi ojú ara rẹ̀ rí i. Ní oṣù kẹta ọdún 2008 ni Èkó bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà BRT láti Mile 12 dé CMS, kìlómítà bíi 22. Nǹkan bí ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún ọ̀nà náà ni wọ́n fi òkúta tó ga tó ogójì sẹ̀ǹtímítà dá yà. Ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún jẹ́ ọ̀dà funfun lásán tí wọ́n fi fa ìlà. Kí ni dánfó ṣe sí ìlà ọ̀dà? Ohun tí ewúrẹ́ ń ṣe sí ìlà tí a bá fi eérú fà sílẹ̀ ni. Òkúta nìkan ni wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún, nítorí pé òkúta ń fọ́ táyà. Lóòótọ́, àwọn kan tí ọkọ̀ wọn ní fèrè ńlá ń gba inú rẹ̀ kọjá bí ẹni pé ilé bàbá wọn ni, àwọn awakọ̀ mìíràn sì kígbe pé wọ́n ti gé títì àwọn kù. Síbẹ̀, ọ̀nà náà wà títí di òní. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2020 ni wọ́n ṣí ti Òṣòdì sí Abúlé Ẹ̀gbá. Ibẹ̀ ni ó dúró sí, kò dé ọ̀dọ̀ wa.

Ọ̀nà bọ́ọ̀sì nìyẹn. Ti oníkẹ̀kẹ́ ńkọ́? Ní orílẹ̀-èdè Nẹ́dálándì, tí gbogbo ayé ń tọ́ka sí lónìí, wọn kò bí kẹ̀kẹ́ mọ́ ọn. Ní ọdún 1971, ó lé ní 3,000 ènìyàn tí ọkọ̀ pa níbẹ̀, àwọn tó ju 400 nínú wọn sì jẹ́ ọmọdé. Àwọn òbí àti àwọn ọ̀dọ́ tú jáde sí títì pé kí wọ́n dẹ́kun pípa àwọn ọmọ. Lẹ́yìn ariwo yẹn ni ọ̀nà kẹ̀kẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í di púpọ̀. Ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn onítakisí gbé ìjọba lọ sí kóòtù nítorí ọ̀nà kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi òkúta dá yà. Wọ́n pàdánù ẹjọ́ náà ní ọdún 2016, ọdún yẹn gan-an ni wọ́n sì ṣí i. Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé ohun òyìnbó ni. Ní Ouagadougou, olú ìlú Burkina Faso, tí kò lówó tó wa, ọ̀nà àwọn ẹlẹ́sẹ̀ méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn títì ńlá kan, alùpùpù àti kẹ̀kẹ́ jọ ń rìn nínú rẹ̀.

Alùpùpù yẹn gan-an ni ìyàwó mi fi mú mi. Èkó ti bẹ̀rẹ̀ sí í lé ọ̀kadà kúrò ní àwọn ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kejì ọdún 2020, ṣùgbọ́n níhà tiwa, ní Ògùn, ọ̀kadà ṣì ni ẹsẹ̀ wa. Ta ni yóò dá wọn dúró tí wọ́n bá ya wọ ọ̀nà kẹ̀kẹ́? Ìdáhùn mi ni pé kí wọ́n wọ̀ ọ́. Àwọn náà ń kú. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.19 ènìyàn ni ìjàǹbá ojú pópó ń pa lọ́dún kan, ó sì ju ìlàjì wọn lọ tó jẹ́ afẹsẹ̀rìn, oníkẹ̀kẹ́ àti alùpùpù. Àwọn ọmọ ọdún márùn-ún sí mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni ó ń pa ju ohunkóhun lọ. Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ti wà láti ọdún 1988, wọ́n ń kọ́ wa láti dé akoto, wọ́n sì ṣeun. Ṣùgbọ́n kí ni akoto fẹ́ ṣe níwájú tírélà tó ru sìmẹ́ńtì?

Ibi tí èmi pàápàá ti dúró ronú gan-an ni ọ̀rọ̀ omi. Ìtẹ̀lé kì í ṣe ilẹ̀ tí òjò ń ṣe pẹ̀lẹ́ sí. Bí a bá to òkúta létí títì láìsí àlàfo, a ti fi ọwọ́ ara wa kọ́ ìdídò. Omi tó yẹ kó wọ gọ́tà yóò padà sí ààrin títì, yóò sì hú ọ̀dà díẹ̀ tó kù. Nítorí náà, àlàfo gbọ́dọ̀ wà, kí ó fẹ̀ tó kí ọmọlanke lè gba ibẹ̀ kọjá, kí ó má fẹ̀ tó kí Márúwá lè yọrí wọlé. Àwọn oníbúlọ́ọ̀kù, tí típà ń já yanrìn fún, ní láti ní ẹnu ọ̀nà gidi. Alágbàdo àti olóbì pàápàá ní ẹ̀tọ́ sí ibi tí wọn yóò sún sí, nítorí pé ẹni tó ń ta ọjà létí títì kò fẹ́ kí ọkọ̀ pa òun náà. Mo ti fi okùn wọn ibẹ̀ láti ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ dé ọjà. Lẹ́yìn gọ́tà tí wọ́n bá fi pákó kọnkéré dé, ààyè mítà kan ààbọ̀ kò ṣòro láti rí, àyàfi níbi méjì tí ṣọ́ọ̀bù ti yọrí jáde.

A ti kọ lẹ́tà sí ìjọba ìbílẹ̀ nípa apá kékeré yẹn nìkan, ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò sì ti buwọ́ lù ú. Ọwọ́ ìyàwó mi dára jù mí lọ, òun ló kọ ọ́. Gbogbo ibi tí mo ti sọ pé "ọ̀nà kẹ̀kẹ́" ni ó pa rẹ́, ó ní àwọn oní-Márúwá yóò gbà á mọ́ wa lọ́wọ́. Ohun tí ó fi sí i ni "ọ̀nà àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ àti àwọn òṣìṣẹ́ ìdájí". Kò tíì gbà pé yóò ṣẹlẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ti tún kẹ̀kẹ́ náà ṣe, ó sì ń gba ọ̀nà ẹ̀yìn ilé tó fi ìṣẹ́jú ogún kún ìrìn rẹ̀ lọ sí ibi iṣẹ́.