Àìṣègbè

Ọ̀rọ̀ náà kò ṣòro í tú: àì, ṣe, ègbè. Inú ègbè ni iṣẹ́ wà. Ọ̀rọ̀-ìṣe gbè ni a ti ṣẹ̀dá rẹ̀, òun kan náà tí à ń lò nígbà tí a bá wí pé orí gbe ènìyàn. Nínú orin, ẹnì kan a máa lé, àwọn elégbè a sì máa gbè é. Elégbè kì í yí orin padà. Ohun tí a bá lé ni yóò gbà. Nítorí náà, onídàájọ́ tí ó ṣègbè ti di ẹni tí ń gbe orin ọ̀kan nínú àwọn oníjà.

Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí i pé àìṣègbè kì í ṣe àìdásí. Aláìdásí kò sí lágbo rárá. Aláìṣègbè wà lágbo, ó ń gbọ́ orin méjèèjì. Kì í sì í ṣe àdán, tí kò ṣe eku, tí kò ṣe ẹyẹ. Ó nílé, ó sì ní ìran.

Ní ọdún 1886, nígbà tí ogun Kírìjì tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877 ṣì ń lọ lọ́wọ́, Moloney, gómìnà Èkó, rán àlùfáà méjì láti làjà láàrin Ìbàdàn àti Èkìtì Parapọ̀: Samuel Johnson láti Ọ̀yọ́ àti Charles Phillips láti Oǹdó. Johnson ti ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìran Aláàfin Abíọ́dún sì ni. Síbẹ̀, a fọwọ́ sí àdéhùn lọ́dún náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ Ọ̀fà àti Ìlọrin kò jẹ́ kí ogun kásẹ̀ nílẹ̀ títí di 1893.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ọmọ ìyá méjì nínú ẹbí mi gbé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ wá bá mi. Ẹ̀gbọ́n wá lálẹ́, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣègbè o." Àbúrò wá láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó wí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ohun tí olúkúlùkù ń bẹ̀ mí ni pé kí n má gbe ẹnì kejì. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dájọ́, àgbà òṣìkà ni; mo ní kí wọ́n jọ padà wá, kí wọ́n rò ó lójú ara wọn. Àbúrò ni ẹ̀rí gbè, mo sì wí bẹ́ẹ̀. Ó tó oṣù mẹ́ta tí ẹ̀gbọ́n kò fi yà kí mi, nítorí lójú tirẹ̀, mo ti ṣègbè.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ṣègbè ti mọ ẹni tí yóò gbè kí a tó dá orin rárá. Ìdí nìyí tí n kò fi gbà fún akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá túmọ̀ àìṣègbè sí dídákẹ́.