Sàró Kú, Wọ́n Tún Jí I: Ṣé Fíìmù Kì í Parí Mọ́ Ni?

Ìyá àgbà mi ló dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. A ń wo apá tuntun Aníkúlápó, èyí tó jáde ní 2024, lórí fóònù ẹ̀gbọ́n mi. Gbogbo wa forí jọ bí ẹni tó ń yáná. Bí Sàró ṣe yọjú báyìí, Ìyá àgbà ní, "Ẹ dúró ná. Ṣe bí ẹni yìí ti kú?"

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ó kú lóòótọ́, Ìyá. Wọ́n ti tún jí i ni."

Ìyá àgbà ní, "Kí ló gbàgbé sáyé tó fi padà wá?"

A rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dórí ẹní, mi ò rí oorun sùn. Ìbéèrè yẹn kàn mí gbọ̀ngbọ̀n, nítorí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹgbẹ́ eré wa lọ́sẹ̀ náà. Màá dé ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ìdí fíìmù. Kúnlé Afọláyan gbé Aníkúlápó àkọ́kọ́ jáde ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022. Òkú ni Sàró ń jí nínú rẹ̀, iṣẹ́ yẹn gan-an sì ni àwọn oníṣẹ́ fíìmù ń ṣe báyìí. Living in Bondage jáde ní 1992, wọ́n jí i ní 2019. Rattlesnake jáde ní 1995, wọ́n jí i ní 2020. Glamour Girls ti 1994, ó dìde ní 2022. Òyìnbó ńkọ́? The Lion King tí wọ́n ṣe ní 1994, wọ́n tún un ṣe ní 2019. Spider-Man nìkan, láti 2002 di ìsinsìnyí, ọkùnrin mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ti wọ aṣọ yẹn.

Kí ló fà á? Owó ni. Fíìmù ńlá ń jẹ owó rẹpẹtẹ, ẹni tó bá sì fẹ́ ná irú owó bẹ́ẹ̀ á fẹ́ ohun tó dá a lójú. Orúkọ tí gbogbo èèyàn ti mọ̀, ó ti polówó ara rẹ̀. Ẹ wo Jénífà. Fúnkẹ́ Akíndélé kọ́kọ́ mú un jáde ní 2008. Apá kejì dé ní 2011. Lẹ́yìn ìyẹn ó di eré orí tẹlifíṣọ̀n. Nígbà tó wá padà sí sinimá ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, tí wọ́n pè é ní Everybody Loves Jenifa, owó tó pa ju bílíọ̀nù kan náírà lọ. Ta ló máa rí ìyẹn tí kò ní fẹ́ ṣe apá kejì?

Kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ o. Bàbá Kúnlé gan-an, Adé Love ọmọ Agbamu, ní ìpínlẹ̀ Kwara wa níbí, ṣe Taxi Driver ní àwọn ọdún 1980, ó sì ṣe apá kejì rẹ̀. Fẹ́mi Adébáyọ̀, ọmọ Ọ̀gá Bello, ọmọ Ìlọrin, ṣe Jelili ní 2011, ó tún mú Jelili padà wá ní 2019. Ká tiẹ̀ fi fíìmù sílẹ̀, kí la fẹ́ wí nípa Ìjàpá? Nínú àlọ́ àná ó kú. Nínú ti òní ó tún wà lóko olóko, ó ń jí iṣu. Kò sẹ́ni tó bèèrè bó ṣe dìde. Nítorí náà, èmi ò sí lára àwọn tó ń sọ pé ọ̀lẹ ló ń ṣe apá kejì.

Wàyí o, ẹgbẹ́ eré wa. Ẹ rántí eré ọba tó ta ilẹ̀ ìlú, tí a ṣe ní òpin sáà lọ́dún tó kọjá. Ẹ pariwo débi pé àga méjì ṣẹ́. Lọ́dún yìí mo kọ eré tuntun, nípa ọmọbìnrin kan tó ń ta wàrà ní Ọjà Ọba, tí kò fẹ́ kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nílé ìwé mọ̀. Mo kà á fún wọn. Wọ́n ní ó dùn, àmọ́ ta ló mọ̀ ọ́n? Wọ́n ní apá kejì Ọba ni ká ṣe. A dìbò, mọ́kànlá sí mẹ́rin. Wọ́n tún ní èmi náà ni kí n kọ ọ́. Ó dùn mí, mi ò parọ́. Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń wọ Máruwá lọ sílé wà lára àwọn mọ́kànlá yẹn, mi ò sì bá a sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ méjì.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ọba ti kú ní ìparí apá kìíní. Òru mẹ́ta ni mo fi ń wá bí màá ṣe jí i. Mo ní kó jẹ́ pé àlá ni. Kò bọ́ sí i. Mo ní kó jẹ́ pé ó ní ìbejì. Ẹ̀rín pa èmi fúnra mi. Òru kẹta ni Ìyá àgbà béèrè ọ̀rọ̀ rẹ̀. Kí ló gbàgbé sáyé? Ọba tèmi ò gbàgbé nǹkan kan. Ó ti jẹ, ó ti mu, ó ti kú.

Ìgbà yẹn ni mo rántí Ṣaworoidẹ tí Túndé Kèlání ṣe ní 1999, àti Agogo Èèwọ̀ tó tẹ̀ lé e ní 2002. Akínwùmí Ìṣọ̀lá ló kọ méjèèjì. Ọba Lápìtẹ́ kú nínú ti àkọ́kọ́, wọn ò sì jí i nínú ìkejì. Ìlú Jogbo ni wọ́n padà sí. Ọba tuntun ti dé, ṣùgbọ́n àwọn ìjòyè tí owó ìlú ti mọ́ lẹ́nu ṣì wà níbẹ̀. Báwo ni wọ́n ṣe máa tún ìlú ṣe? Ọ̀rọ̀ tó kù nílẹ̀ nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni Living in Bondage ti 2019. Andy Okeke ló fi ìyàwó rẹ̀ ṣòògùn owó ní 1992. Ọmọ rẹ̀ ni wọ́n wá gbé ìtàn lé lórí. Ṣé ọmọ á tọ ọ̀nà bàbá rẹ̀? Ó yẹ ká padà wá gbọ́ ìyẹn.

Mo bá jẹ́ kí ọba sinmi. Mo padà sọ́dọ̀ àwọn tí ilẹ̀ wọn ti lọ, nítorí ilẹ̀ tí ọba tà kò tíì padà. Àtìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ ti ń wá fúnra rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kà á, ó ní ó dára ju ti èṣí lọ. A ti parí ìjà.

Lójú tèmi, wọn ò ní ṣíwọ́ jíjí fíìmù, nítorí owó ṣì ń wọlé níbẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo èyí tí wọ́n ń jí lónìí, tuntun ni nígbà kan. Kí 1992 tó dé, ta ló mọ Andy Okeke? Síbẹ̀ oníṣòwò kan, Kenneth Nnebue, náwó sí i. Kí 2008 tó dé, ta ló mọ Jénífà? Bó bá jẹ́ orúkọ tí a ti mọ̀ nìkan là ń fi owó tíkẹ́ẹ̀tì àti owó dátà wa wò, kí ni àwọn ọmọ wa máa rí jí ní 2050?

Apá kejì Ọba ń bọ̀ ní òpin sáà yìí. Ẹ wá o, kí ẹ sì rọra jókòó lórí àga. Bí ẹ bá pàtẹ́wọ́ tán, mo bẹ̀ yín, ẹ má bèèrè apá kẹta. Ọmọ oníwàrà ṣì wà nínú báàgì mi. Òun ni kí ẹ bèèrè.