Ìwé Àyẹ̀wò Ẹ̀jẹ̀ Bàbá

Ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ méjì ni ó wà lọ́wọ́ àkọ́bí bàbá náà ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta tí wọ́n gbé bàbá dé ilé ìwòsàn pẹ̀lú òtútù àyà. Lórí ti ọjọ́ àkọ́kọ́, iye sẹ́ẹ̀lì funfun jẹ́ 16,400. Lórí èkejì, 3,600 ni. Ìwé náà fúnra rẹ̀ ti kọ ìwọ̀n tí ó yẹ àgbàlagbà sí ẹ̀gbẹ́: láti 4,000 dé 11,000 nínú maikirolítà ẹ̀jẹ̀ kan. Ọmọ náà ṣe ìṣirò rẹ̀ kíá. Ó ti ga jù tẹ́lẹ̀, ó ti wálẹ̀. Ohun tí ó fi dín kò tó nǹkan. Ibà tí ó mú ara bàbá gbóná bí ààrò pàápàá ti lọ. Ó tẹ àwọn àbúrò rẹ̀ láago pé kí wọ́n bá òun dúpẹ́.

Nọ́ọ̀sì tí ó wà nítòsí kò bá a dúpẹ́. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ẹsẹ̀ bàbá, ó tutù. Ó ka èémí rẹ̀, ó lé ní 30 ní ìṣẹ́jú kan. Ó lọ pe dókítà.

Dókítà náà kò dàgbà tó àbígbẹ̀yìn bàbá. Ìbéèrè tí ó kọ́kọ́ béèrè ya ọmọ náà lẹ́nu: “Ẹ̀gbọ́n, ṣé bàbá ti ṣe irú àyẹ̀wò yìí rí nígbà tí ara wọ́n le?”

Sẹ́ẹ̀lì funfun ni ọdẹ tí ń ṣọ́ ara. Oríṣi márùn-ún ni wọ́n. Paul Ehrlich, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, ni ó fi aró rẹ ẹ̀jẹ̀ ní ọdún 1879, tí ó fi hàn pé ẹ̀yà wọn kì í ṣe ọ̀kan náà, bí aláró ṣe máa ń mọ òwú tí ó gba aró yàtọ̀ sí èyí tí kò gbà á. Èyí tí wọ́n ń pè ní neutrophil ni ó pọ̀ jù, òun ni ó sì ń kọ́kọ́ dé ibi tí kòkòrò àrùn bá ti fọ́lé.

Ṣùgbọ́n gbogbo aláǹgbá ló dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Ọ̀pọ̀ neutrophil kì í sí nínú ìṣàn ẹ̀jẹ̀. Ara ògiri iṣan ni wọ́n fẹ̀yìn tì. Bí ẹ̀rù bá ba ènìyàn, bí ọkọ̀ bá gbá a, bí wọ́n bá fún un ní dexamethasone, wọn a ṣí kúrò lára ògiri, iye a sì lọ sókè láìsí àrùn kankan. Bẹ́ẹ̀ ni ibà jẹ̀funjẹ̀fun, tí ó lè lu ìfun ènìyàn jálẹ̀, kì í sábà mú iye náà ga; ó tilẹ̀ lè mú un wálẹ̀.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà tí ó kan Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ọmọ Yorùbá ni kò ní èròjà kan tí wọ́n ń pè ní Duffy lára sẹ́ẹ̀lì pupa wọn. Àìsí rẹ̀ ń dènà ẹ̀yà ibà kan, vivax. Ní nǹkan bí ọdún 2008 sí 2009, àwọn onímọ̀ rí i pé àìsí rẹ̀ yìí kan náà ni ó ń jẹ́ kí neutrophil inú ẹ̀jẹ̀ wa kéré. Kì í ṣe àìsàn. Ìwọ̀n tí wọ́n fà yọ lára àwọn aláwọ̀ funfun ni wọ́n tẹ̀ sórí ìwé wa, tí a sì ń fi bàtà ẹlòmíràn wọn ẹsẹ̀ ara wa.

Wọ́n rí ìwé àtijọ́ bàbá nínú ìwé orin rẹ̀: 3,900, nígbà tí ara rẹ̀ le koko. Nígbà náà, 3,600 bá a mu, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Ọmọ náà tún fẹ́ rẹ́rìn-ín. Dókítà fi ìka tọ́ ìlà kan nísàlẹ̀ ìwé, èyí tí òṣìṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò fi ọwọ́ kọ lẹ́yìn tí ó wo ẹ̀jẹ̀ náà nínú máíkírósíkóòpù. Nínú 100 sẹ́ẹ̀lì funfun, 24 jẹ́ ọ̀dọ́mọdé tí kò tíì gbó. Àwọn àgbà ọdẹ ti bá ogun lọ. Mùdùnmúdùn inú eegun ti ń kó àwọn ọmọ kéékèèké síta. Iye tí ó jọ ti ọjọ́ àlàáfíà ni, àmọ́ ilé ti ṣófo.

Ní ọdún 1992, àwọn dókítà Amẹ́ríkà ka iye tí ó ju 12,000, tàbí tí kò tó 4,000, tàbí kí ọ̀dọ́mọdé sẹ́ẹ̀lì ju 10 lọ nínú 100, mọ́ àmì ewu. Nínú ìtumọ̀ tuntun ti ọdún 2016, iye yìí kò sí lára ohun tí wọ́n fi ń wọn ìbàjẹ́ ẹ̀yà ara. Ó dára bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá ju ìwé náà nù kò ní rí ìlà ìsàlẹ̀ yẹn.

Wọ́n pààrọ̀ oògùn, wọ́n fún bàbá ní omi àti ọ́síjìn, wọ́n ya àwòrán àyà rẹ̀. Ọyún ti kún ẹ̀gbẹ́ ẹ̀dọ̀fóró. Wọ́n fa á jáde lọ́sàn-án ọjọ́ náà.

Ní ọjọ́ kẹfà, ìwé mìíràn dé: 19,800. Àbúrò obìnrin figbe ta. Àkọ́bí kò pe ẹnikẹ́ni. Ó gbé ìwé náà tọ dókítà lọ.

“Dókítà, àwọn ọ̀dọ́mọdé inú rẹ̀ ńkọ́?”

“Wọ́n ti ku 6, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ lọ fọwọ́ kan ẹsẹ̀ bàbá.”

Ó lọ fọwọ́ kàn án. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Nígbà náà ni ó mú fóònù rẹ̀ jáde.