Ìlú Sọ̀kalẹ̀, Òrìṣà Dúró Sókè

Lóṣù Èbìbí tó kọjá, nígbà ọdún Òrósùn, mo gun òkè Ìdànrè. Bàbá wa àgbà ló máa ń ṣáájú wa lọ tẹ́lẹ̀, àmọ́ orúnkún wọn ti kọ̀. Wọ́n fi obì àti ẹmu lé mi lọ́wọ́ fún ojúbọ Ògún ilé wa, wọ́n ní, "Bó o bá débẹ̀, bá mi wo ilé."

Àtẹ̀gùn ibẹ̀ lé ní 600. Ibi ìsinmi márùn-ún ló wà lójú ọ̀nà. Mo jókòó ní gbogbo ẹ̀, ojú ò tì mí. Ẹni tí ò débẹ̀ rí á rò pé ṣóńṣó orí òkè ni ìlú wà. Rárá o. Tẹ́ ẹ bá gùn ún tán, ẹ ó rí i pé ilẹ̀ tẹ́jú sílẹ̀, ó jin sínú bí ọpọ́n, àwọn àpáta ràbàtà sì yí i ká. Inú ibẹ̀ ni àwọn baba wa, tí ìtàn ní wọ́n ti Ifẹ̀ wá, tẹ̀dó sí. Òkúta ni odi wọn, omi sì ń ṣàn níbẹ̀. Ogun wo ló fẹ́ ká wọn mọ́bẹ̀?

Àmọ́ nígbà tí ogun tán, òkè tó gbà wọ́n wá di ìnira. Oko kòkó wà nísàlẹ̀, ọ̀nà mọ́tò wà nísàlẹ̀. Ta ló fẹ́ ṣiṣẹ́ oko tán kó tún gun òkè lọ sùn? Ní nǹkan bí ọdún 1928, wọ́n sọ̀kalẹ̀ wá sí Odòde.

Ààfin Ọwá ṣì wà lókè pẹ̀lú àwọn òpó gbígbẹ́ rẹ̀. Kóòtù àtijọ́ náà wà níbẹ̀. Ilé tiwa ńkọ́? Ògiri ẹ̀ ò ju orúnkún mi lọ mọ́. Igbó ti bo ojúbọ.

Ọmọ mi, ọmọ ọdún mọ́kànlá, bi mí pé, "Dádì, ṣebí wọ́n ti kó lọ, kí la wá ṣe?"

Mo ní, "Èèyàn ló kó lọ. Ògún ò bá wọn kó."

Kò fèsì. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀, ó ń fa koríko tu.

Nígbà tá a délé, Bàbá bèèrè ògiri. Mo ní ó ku díẹ̀. Wọ́n dákẹ́ pẹ́. Wọ́n tún ní, "Ta ló ro ojúbọ?" Mo na ọwọ́ sí ọmọ náà. Wọ́n pè é mọ́ra, wọ́n wúre fún un títí ohùn wọn fi há.

Ẹbí mi, àwa méjì péré la gòkè lọ́dún yìí. Lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ̀yin tí orúnkún yín ṣì le, ẹ dákun, ẹ jẹ́ ká jọ lọ. Ẹ mú àdá dání. Ẹ mú àwọn ọmọ dání pẹ̀lú.

Ògún á gbè wá o. Àṣẹ.