Ọdẹ Igbó Di Ọdẹ Géètì

Ẹ bi ọmọ ìlú ńlá léèrè lónìí pé ta ni ń jẹ́ ọdẹ. Yóò ní bàbá tí ń ṣọ́ géètì lóru ni, tòun ti tọ́ọ̀ṣì àti fèrè. Kò purọ́. Ṣùgbọ́n ní Ògbómọ̀ṣọ́ tiwa, ọdẹ ló tẹ ìlú dó. Ìtàn sọ pé Ògúnlọlá ọdẹ ló pa Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ tí ń yọ Ọ̀yọ́ lẹ́nu, tó gbé orí rẹ̀, tí ìlú fi gba orúkọ. Báwo wá ni orúkọ ẹni tó tẹ ìlú dó ṣe di ti ẹni tí à ń fọn họ́ọ̀nù pè kó wá ṣílẹ̀kùn?

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló jẹ́ kí n mọ̀ ọ́n. Bàbá Ọdẹ là ń pè é. Ó lè wo ojú ẹsẹ̀ nínú ìrì kó ní ẹtu ni, kì í ṣe ìgalà. Ó mọ ewé tí ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró. Bó bá sì ń sun ìjálá, ẹni tí ń lọ á dúró.

Ẹnikẹ́ni kò lé e kúrò nínú igbó lọ́jọ́ kan. Díẹ̀díẹ̀ ni. Ìbọn tí òyìnbó kó wá tà fún wa, òyìnbó náà ló tún ṣòfin pé ká gbàwé àṣẹ ká tó mú un dání. Ní 1936 ìjọba pààlà sí igbó apá òkè odò Ògùn. Ní 1941, ó kan ti Ọ̀yọ́-Ilé. Ní 1952, méjèèjì di igbó tí a kò gbọdọ̀ ti pa ẹran. Láti 1991, ọgbà ẹranko ìjọba àpapọ̀ ni, olú iṣẹ́ rẹ̀ sì wà ní Ọ̀yọ́.

"Igbó ọba" ni àwọn àgbà ń pe irú igbó bẹ́ẹ̀. Orúkọ náà máa ń pa Bàbá Ọdẹ lẹ́rìn-ín. "Ọba wo?" ni yóò bi mí. Àní, inú igbó náà ni ahoro Ọ̀yọ́-Ilé wà, níbi tí àwọn Aláàfin ti jọba kí ìlú tó tú ní nǹkan bí 1835, tí Àtìbà fi tẹ Ọ̀yọ́ tòní dó.

N kò ní òfin náà kò nídìí o. Ẹran ń tán, àwa tí à ń dúró ra ẹran ìgbẹ́ lójú títì sì wà nínú àwọn tó pa á tán. Ohun tó dùn mí ni pé òfin dá ẹni tí ń pa ẹran mọ̀, kò dá ẹni tó mọ ẹran mọ̀. Ẹnì kan náà sì ni.

Nígbà tí igbó kò bọ́ ọ mọ́, Bàbá Ọdẹ wá ń ṣọ́ ilé oníṣòwò kan l'Ọ́yọ̀ọ́. Ó ní ariwo jẹnẹrétọ̀ kì í jẹ́ kóun gbọ́ ohun tí ń bọ̀.

Nígbà tó kú, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fẹ́ ṣe ìṣípà ọdẹ. Àwọn ọmọ rẹ̀ ní àwọn kò fẹ́ ohun Ògún nídìí pósí. Ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí ìjọ Onítẹ̀bọmi ti dé láti 1855, ọ̀rọ̀ kékeré kọ́ nìyẹn. A bẹ̀bẹ̀ títí: ṣọ́ọ̀ṣì sin ín lọ́sàn-án, àwọn ọdẹ sun ìrèmọ̀jé lóru. Arúgbó ni gbogbo wọn. Nígbà tó kan gbígbè, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n gbè nínú àwa ọmọ.

Ní 2020, nígbà tí ajínigbé gba inú igbó, àwọn ìpínlẹ̀ Yorùbá mẹ́fà dá Amọ̀tẹ́kùn sílẹ̀. Ọdẹ ni wọ́n tún ń wá kiri. Ọdẹ tí a ti sọ di aṣọ́gèétì!

Bí bàbá ọdẹ kan bá wà lẹ́nu géètì tiyín, ẹ lọ bá a lálẹ́ òní. Ẹ ní kó sọ orúkọ ewé kan péré fún yín, àti iṣẹ́ tó ń ṣe. Kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀.